Ẹsẹ̀ Nana Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Nana Ofosu ṣubú láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Yaw Dankwa sì parọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni Nana wó sí, gbìì! Dankwa ní odó fùfú ló yí dànù. Nígbà kejì, ó ní ewúrẹ́ ló ti àga ṣubú. Nígbà kẹta, Nana forí gbá ògiri, iwájú orí rẹ̀ wú kókó, àwọn àgbà ìlú sì béèrè ohun tó ṣe é. Dankwa ní agbọ́n ló ta Nana. Agbọ́n, nínú ọyẹ́! Àwọn àgbà wo ara wọn lójú, wọ́n ní háà, agbọ́n ò dára o, wọ́n sì gba ilé wọn lọ.

Ẹ má bínú sí Dankwa. Nana ni ọba ìlú Adumasum, nílẹ̀ Asante, níbi tí wọ́n ti ń pe ọba ní Nana. Dankwa ni olùtọ́jú sálúbàtà rẹ̀, iṣẹ́ tó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún méjìdínlógójì kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọba kì í fi ẹsẹ̀ lásán kan ilẹ̀ níta. Bí wọ́n bá fẹ́ rọ ọba lóyè, sálúbàtà ni wọ́n ń bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti fẹsẹ̀ kan erùpẹ̀, ó parí nìyẹn, ó ti di ẹni àná. Bí ọba bá sì ṣubú lójú gbogbo ayé, àgùntàn ni wọ́n máa pa láti tu ilẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n kò sí àgùntàn tí wọ́n lè pa tí yóò di ẹnu aráyé. Dankwa mọ ilé méjì tó ń du oyè ní Adumasum, tí wọ́n ti ń dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn: kí wọ́n má mọ̀ pé Nana ń ṣàìsàn, kí wọ́n má sọ pé oyè ti kọ̀ ọ́.

Ẹ̀rù oyè nìkan kọ́ sì ni. Kí Nana tó di Nana, Kofi Badu ni orúkọ rẹ̀, òun àti Dankwa ni wọ́n jọ ń jí máńgòrò ká, òun ni wọ́n nà nítorí Dankwa lọ́jọ́ tí Dankwa sá lọ. Níwájú ènìyàn, Dankwa a máa pè é ní Nana, a máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, a sì máa tẹ orí ba. Bó bá ku àwọn méjèèjì, ó di Kofi, ó di "ìwọ yìí", ó di èébú.

Àìsàn náà kò bú ramúramù wọlé. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Nana ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tí a ò rí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ dì. Nana tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín, ará ilé kẹta á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ wá dà bí ojú ẹni tó ń bínú sí gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ inú kò bí i. Ohùn rẹ̀ náà lọ sílẹ̀. Níkẹyìn ló kan ẹsẹ̀. Á máa rìn bọ̀, tó bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ méjèèjì á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kàn án níṣòó. Orí á ti lọ, ẹsẹ̀ á kọ̀ láti tẹ̀lé e.

Abrafi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Nana obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kumasi, ló wá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Òun ló mú orúkọ àìsàn náà bọ̀ wá sílé: Pákínsìn. Ó ní kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀, inú ọpọlọ ló ti wá, kò sì sí oògùn tó lè mú un kúrò pátápátá, àmọ́ oògùn wà tó ń rọ ẹsẹ̀ lójú bí wọ́n bá lò ó lásìkò.

"Ṣé kò lè pa á?" Dankwa béèrè.

"Pákínsìn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù báyìí, Bàbá. Ilẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóṣù kan! Bí ìbàdí bá lọ ṣẹ́ ńkọ́?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni? Agbọ́n ló..."

"Bàbá Dankwa."

"Ó dáa, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni."

Lọ́jọ́ náà, Abrafi rìn yí ààfin ká bí agbowó-orí. Ó ká awọ àgùntàn tó wà níwájú ibùsùn kúrò nílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí tó dí ọ̀nà balùwẹ̀ kúrò, kí wọ́n kan irin tí Nana lè dì mú mọ́ ògiri, kí wọ́n sì fi iná síbi tó ṣókùnkùn. Ó kọ́ Nana bí yóò ṣe máa yí padà: kó má ṣe fì yípo lójú kan, kó rìn yí i ká bí lọ́rì tó fẹ́ wọ ọ̀nà kékeré. Bí ẹsẹ̀ bá sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kó má bá a jà. Kó dúró, kó nàró, kó gbé ara lé ọ̀tún, kó gbé e lé òsì, kó wá ṣí ẹsẹ̀ kan gbọ̀ọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì tì í lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má fà á lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló mú sálúbàtà ọba, sálúbàtà awọ dúdú tí wọ́n fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, èyí tí Dankwa ń fi òrí pa láràárọ̀. Ó gbé e sókè.

"Ọ̀tá tí ẹ ń wá kiri rèé."

Dankwa wò ó láti òkè délẹ̀. "Abrafi, ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Ó ti jẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ló jẹ," Nana dá a lóhùn láti orí àga.

"Ẹ gbọ́ ná," ni Abrafi wí. "Kò sí nǹkan tó di gìgísẹ̀ mú nínú bàtà yìí. Ẹsẹ̀ Nana kì í gbé sókè dáadáa mọ́, ńṣe ló ń wọ́. Bàtà á máa lọ síbí, ẹsẹ̀ á máa lọ sọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan wọn ò ní pàdé." Ó fa bàtà funfun kan yọ nínú àpò, irú èyí tó bo ẹsẹ̀ dé gìgísẹ̀ tó sì ń dì mọ́ ọn. "Èyí ló yẹ kó máa wọ̀."

"Bàtà agbábọ́ọ̀lù!" Dankwa figbe ta. "Kí Nana wọ èyí jáde lọ́jọ́ Adae? Ṣé bọ́ọ̀lù ló fẹ́ lọ gbá fún wa ni?"

"Góòlù ni mo máa ṣọ́," Nana wí pẹ̀lú ohùn kékeré. "Ẹni tí kò lè sáré ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ góòlù."

Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Abrafi ló rẹ́rìn-ín fún un. Dankwa náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tí kò rẹ́rìn-ín mọ́ yẹn ló dùn ún dé egungun.

Wọ́n jà á títí fùfú fi délẹ̀, wọ́n sì jẹun tán kí wọ́n tó fẹnu kò. Nínú ilé, bàtà funfun ni Nana yóò máa wọ̀. Lọ́jọ́ Adae, tí ọba máa ń jáde jókòó láàárín ìlú, sálúbàtà ọba ni, ṣùgbọ́n Dankwa yóò rán okùn awọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀ tí yóò gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Aṣọ ńlá ọba á bò ó. Kò sẹ́ni tí yóò rí i.

Ọjọ́ méjì ni Dankwa fi rán an. Kì í kúkú ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Nígbà tó dè é mọ́ Nana lẹ́sẹ̀ nínú àgbàlá, Nana rìn lọ, ó rìn bọ̀, ogójì ìṣísẹ̀, bí ibi tí yóò ti rìn láti ẹnu ọ̀nà ààfin dé ibi ìjókòó rẹ̀ ṣe jìn tó. Sarpong, géńdé tó ń di ọba mú ní ìbàdí lẹ́yìn bó bá ń rìn lójú agbo, di ìbàdí rẹ̀ mú láìtì í. Sálúbàtà náà kò yẹ̀ rárá. Nana jókòó, ó mí kanlẹ̀, oorun sì gbé e lọ lórí àga níbẹ̀.

Ká ní Dankwa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá dára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Adae, ó jókòó lórí ẹní, ó ń fi òrí pa sálúbàtà náà, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára okùn yẹn. Bàbá rẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ náà sì ṣe é. Ó rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń wí pé ẹrú ni wọ́n ń so lẹ́sẹ̀, ọba ń rìn bó ṣe wù ú. Ó wá ń rò ó: bí atẹ́gùn bá gbé aṣọ Nana sókè ńkọ́? Bí ọ̀kan nínú àwọn ilé méjì yẹn bá rí i, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní wọ́n so ọba Adumasum bí ewúrẹ́. Wọ́n á ní Dankwa ló so ó. Ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé, kí ni ogójì ìṣísẹ̀? Nana ti lo oògùn. Sarpong wà lẹ́yìn. Èmi náà wà níwájú. Ó fa abẹ yọ, ó gé okùn méjèèjì.

Ẹsẹ̀ Nana kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ wo bàtà. Ó kàn na ẹsẹ̀ síta, ó ní, "Ṣé o ti dè é?"

"Mo ti dè é, Kofi."

Irọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, ìfẹ́ ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀, ìgbéraga ló pa á.

Àwọn àlejò tí wọ́n ń retí láti ìlú kejì pẹ́ kí wọ́n tó dé. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá, aago mọ́kànlá kọjá kí mọ́tò wọn tó yọ. Abrafi ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ Nana tó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ó ní oògùn ti ń tán lára rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó lo òmíràn kó sì sinmi fún wákàtí kan. Ta ló fẹ́ gbọ́? Àwọn afunpè ti gbé ìwo sẹ́nu, agbòòrùn ọba sì ti ṣí síta.

Ní ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ Nana lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Dankwa, tó ń rìn sẹ́yìn níwájú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára sálúbàtà, dúró pẹ̀lú rẹ̀. Nana kò bá ẹsẹ̀ jà. Ó dúró, ó nàró, ó gbé ara lé ọ̀tún, ó gbé e lé òsì. Àwọn obìnrin tó wà níta rò pé ọba ń fi ara dárà ni, wọ́n hó yèè. Nana ṣí ẹsẹ̀ kan gbọ̀ọ̀rọ̀, ó bọ́ síta. Inú Dankwa dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Mẹ́wàá. Ogún. Ọgbọ̀n. Wọ́n ti ń wo àga lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò, tó ti pẹ́ tó sì fẹ́ kí ọba mọ̀ pé òun ti dé, kígbe láti apá òsì pé, "Nana, a kí yín o!"

Ọmọlúàbí ni Nana. Bí wọ́n bá kí i, á yíjú sí ẹni tó kí i. Ó yíjú, ara sì bá ojú lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbàgbé lọ́rì, ó gbàgbé ọ̀nà kékeré. Ẹsẹ̀ òsì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbéra, sálúbàtà ọ̀tún sì yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fò lọ síwájú. Sarpong rọ̀ mọ́ ìbàdí rẹ̀, kò jẹ́ kó ṣubú. Ṣùgbọ́n Sarpong kò lè di ẹsẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà, láìsí bàtà, ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sórí erùpẹ̀ lójú gbogbo Adumasum.

Dankwa kò ronú. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, eékún rẹ̀ kì í tẹ̀ dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó já lulẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Orí ọwọ́ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ Nana bà lé.

Ó gbọ́ nígbà tí ìka rẹ̀ dún kẹ́ẹ̀kẹ́. Ìwo dákẹ́.

"Kofi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, lójú agbo, ó gbàgbé pé Nana ló yẹ kó pè é. "Dúró. Má kánjú. Ọwọ́ mi ni, ilẹ̀ kọ́."

Ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó tutù, ó sì rù ju bí ẹsẹ̀ ṣe yẹ kó rù lọ. Ó fi ọwọ́ òsì wọ́ sálúbàtà bọ̀. "Gbé ara lé òsì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ku díẹ̀. Ó ti wọlé, ó ti wọlé." Nana wọ bàtà, ó sì rìn ìṣísẹ̀ mẹ́jọ tó kù, díẹ̀díẹ̀, ó jókòó.

Ìyá àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ bú sígbe. "Dankwa o! Ọwọ́ rẹ kò ní rọ láé!" Ni agbo bá gbà á. Wọ́n ń pe orúkọ Dankwa, wọ́n ń pe ti bàbá rẹ̀, wọ́n ń ju aṣọ sókè. Dankwa ká ọwọ́ ọ̀tún sínú aṣọ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọba, oríyìn náà sì ń ta á lójú bí ata. Ṣé ẹni tó dáná sun ilé ni wọ́n ń kí pé ó kú iṣẹ́ omi pípọn!

Nígbà tí wọ́n padà sínú yàrá, Abrafi wo ọwọ́ náà, ó ní ìka méjì ti ṣẹ́, ó fi pákó pẹlẹbẹ dì í. Ó fún Nana ní oògùn. Lẹ́yìn náà ló gbé sálúbàtà, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó sì la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Abrafi," Nana wí, "lọ wo àwọn àlejò fún mi."

Ó jáde. Ó wá ku àwọn méjèèjì.

"Mo gé e," Dankwa wí. Kò dúró kí wọ́n bi í. "Láàárọ̀ ni mo fi abẹ gé e. Mo sì parọ́ fún ẹ."

Nana wo sálúbàtà náà.

"O rí ọjọ́ tí o dè é fún mi ní àgbàlá," ó wí, "tí mo sùn lórí àga? Oṣù mẹ́ta ni mi ò ti sùn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dìde báyìí, ilẹ̀ ni mò ń wò, ilẹ̀ náà ń wò mí. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní, Dankwa ti dè mí, mi ò ní ṣubú. Oorun yẹn lo gé, Yaw. Okùn kọ́."

Omijé ń ṣàn lójú Dankwa, kò nù ún. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ẹ bí ẹni tí wọ́n so. Ojú ń tì mí nítorí tìẹ."

"Rárá o. Èmi gan-an ni mò ń tì ẹ́ lójú."

Dankwa fẹ́ jiyàn. Àmọ́ òótọ́ ni, ó sì mọ̀ ọ́n. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Dárí jì mí, Kofi. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ojú sì tì mí. Mi ò mọ̀ pé méjèèjì lè gbé inú ènìyàn kan ṣoṣo."

"Wọ́n kúkú ti rí mi. Mo dúró lẹ́sẹ̀ kan bí lékeléke lójú gbogbo ìlú. Kí ló tún kù tí a fẹ́ fi pamọ́?" Nana mí kanlẹ̀. "Mo ti dárí jì ẹ́. Dìde, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Fún mi ní bàtà agbábọ́ọ̀lù yẹn."

Ọwọ́ òsì nìkan ni Dankwa fi wọ̀ ọ́ fún un. Nana dìde bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sún bọ́ sétí àga, ó tẹ̀ síwájú, ó gbéra. Dankwa yára bọ́ síwájú láti máa wo ẹsẹ̀.

"Kí lo ń wá níwájú mi? Wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, kí n di apá rẹ mú."

"Ẹnikẹ́ni kì í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. Èèwọ̀ ni."

"Yaw, ìtọ̀ kò mọ ọba. Ṣé o fẹ́ kó di èèwọ̀ méjì?"

Ni Dankwa bá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nana ti apá bọ apá rẹ̀, wọ́n sì jáde. Láti dé balùwẹ̀, àgbàlá ni wọ́n máa gbà, níbi tí àwọn àgbà ìlú jókòó sí, tí wọ́n ń jẹ ẹran, tí wọ́n ń mu. Oúnjẹ dúró lẹ́nu wọn. Wọ́n wo bàtà funfun. Wọ́n wo apá inú apá. Wọ́n wo ọwọ́ ọba tó ń gbọ̀n bí ewé, tí kò sí aṣọ tó bò ó.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tó sì ti inú ọ̀kan nínú àwọn ilé méjì yẹn wá, gbé ife sílẹ̀. "Dankwa," ó wí, "kí ló ń ṣe Nana?"

Ìdáhùn kan ti wà lẹ́nu Dankwa, ó dùn, ó sì bá ìgbà mu: oòrùn ló mú un, ó pẹ́ lórí ìjókòó, àárẹ̀ lásán ni. Ó gbé e mì. Ó mọ apá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára, ó ń gbọ̀n, ó sì rọ̀ mọ́ òun.

"Àìsàn ni," ó wí. "Pákínsìn ni wọ́n ń pè é. Kò ní lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì ń bá jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé àga yín kúrò lọ́nà kó má baà kọsẹ̀."

Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì ti orí eékún rẹ̀, ó dìde, ó sì gbé àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn yòókù náà dìde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé tiwọn.